Ohun tí Isaac Birkett Sọ fún Tíṣà Lanty

Kò sí ilé kan ní Kelderdale tí ẹ ò ti ní rí ìwé Tíṣà Lanty Dargue. Ẹlòmíràn ò ní Bíbélì, àmọ́ á ní ìwé Tíṣà, bóyá lójú fèrèsé ilé ìdáná, bóyá lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Amos ọkọ mi tó ti dolóògbé a máa ka tirẹ̀ nílé ìyàgbẹ́, mo bá a wí títí, kò gbọ́. Tíṣà kọ̀wé nípa ògiri òkúta wa, ó kọ̀wé nípa bí àwọn bàbá wa ṣe ń gé koríko tí wọ́n ń sá a gbẹ, ó kọ̀wé nípa ọdún tí yìnyín bo àgùntàn mọ́lẹ̀ láàyè àti nípa àwọn tó ń wa òjé nínú òkè kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi. Òun ló kọ́ wa níléèwé, èmi àti gbogbo àwọn arúgbó tó ń bá ara wọn jiyàn nílé ọtí lónìí.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mi ò sì ní fi bò. Ó kọ nípa ìyá mi níbi tó ti ń po bọ́tà. Ọmọge ni mí nígbà tí ìyá mi kú, ìgbàkigbà tí mo bá sì ṣí ojú ewé yẹn, ṣe ni mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bú ológbò wa. Ká ní òǹkọ̀wé mìíràn ni, á kọ ọ́ pé obìnrin yìí ṣiṣẹ́ kára, á sì bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà kọ èébú náà sílẹ̀ bí ìyá mi ṣe bú u gan-an, títí kan èyí tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́. Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ jáde ló máa kọ, kò ní fi omi fọ̀ ọ́.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni èmi àti ìwé rẹ̀ jọ ní ẹjọ́ lé lórí.

Òkè wa ò ní ọgbà. Àgùntàn gbogbo wa ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ògiri tó pín wọn. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé kálukú wọn mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti jẹko, kò sì ní fi ibẹ̀ sílẹ̀. Hífù là ń pe ibẹ̀. Ìyá ló ń fi han ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá ń kúrò lóko, wàá fi àgùntàn òkè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Hífù tiwa, àwa Relph, àti ti àwọn Birkett pààlà ní odò kékeré kan tó ń jẹ́ Ling. Bó o bá kọjá Ling wá sọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí koríko rẹ̀ dáa ju gbogbo òkè yẹn lọ, lẹ́yìn rẹ̀ lo máa tó kan odò kejì, Blea. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì yìí, tiwa ni, ti bàbá ọkọ mi ni, ti bàbá tirẹ̀ náà ni.

Àmọ́ nínú ìwé tí Tíṣà kọ nípa òkè, Isaac Birkett ló ń sọ̀rọ̀, ohun tó sì sọ nìyí: "Hífù tèmi dé odò Blea. Àwọn Relph kàn ń yá a lò ni."

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí ìwé yẹn jáde. Amos kà á, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi ta sí i láyà. Lọ́jọ́ ọjà, ó bọ́ fìlà fún Isaac lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Isaac, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yá wa nílẹ̀." Isaac ní, "Kò tọ́pẹ́, ẹ máa lò ó lọ." Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí Isaac fi kú, kò sì sí ọjọ́ kan tí àgùntàn Isaac kọjá Ling. Èmi ni ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún Amos pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwàdà.

Nígbà tí Isaac kú, Stanley ọmọ rẹ̀ ta gbogbo àgùntàn náà fún oníṣòwò kan láti ìsàlẹ̀. Ó ta àgùntàn hífù. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ò kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sí ìlú Carlisle. Òkè apá ibẹ̀ dá wáí, koríko ga débi tí ehoro fi ń sọnù nínú rẹ̀.

Ọmọ Stanley ló padà wá. Tamar lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó ní òun fẹ́ oko bàbá àgbà òun. Onílẹ̀ tí àwọn Birkett ti ń háyà oko náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí aṣojú òun, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Pelham, bá a ṣàdéhùn. Pelham ní ó dáa, kó gbìyànjú ẹ̀ wò fún ìgbà ooru kan. Ní oṣù Kọkànlá, gbogbo olóko máa ń pàdé lẹ́yìn ilé ọtí Ned Jopson. Ẹran ẹlòmíràn tó o bá bá láàárín tìrẹ, wàá kó o wá síbẹ̀ kí ẹni tó ni ín mú u lọ, lẹ́yìn náà la ó jẹ àgùntàn àti ọ̀dùnkún, a ó sì mutí. Pelham ní bí wọ́n bá kó àgùntàn Tamar wá sí ìpàdé yẹn bí ẹran tó ṣáko, a jẹ́ pé kò lè dá wọn dúró lókè, oko ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Àgùntàn tuntun ló rà, àwọn tí kò mọ òkè kan rí. Kò sí ìyá tó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ọ̀nà kan ló kù, kéèyàn gòkè lọ dúró tì wọ́n ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, kó máa dá wọn padà níbi ààlà títí á fi wọ̀ wọ́n lára. Kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ. Bàbá àgbà rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, èmi náà ní iṣẹ́ tèmi. Ló bá mú ìwé Tíṣà, ó wé e mọ́ inú ọ̀rá, ó gòkè lọ.

Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé mi, òun àti ajá rẹ̀, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí Isaac ti sọ fún Tíṣà ló ń tẹ̀ lé: ibi tí kó gbé iyọ̀ sí, ìgbà tí kó jẹ́ kí wọ́n gòkè ní ìrọ̀lẹ́, bí kó ṣe máa pè wọ́n. Orí mi wú. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sílé mi pé ẹ wo ohun tí ìwé ń ṣe, ẹ wo bí òkú ṣe ń kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Mo sọ fún Tamar fúnra rẹ̀, ní ilé ìdáná mi, pé kó fọkàn balẹ̀, kò sí irọ́ nínú ìwé Tíṣà. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí mo wá gòkè lọ wo ẹran tèmi, mo bá àgùntàn alámì pupa láàárín Ling àti Blea. Ọ̀dà pupa ní ìbàdí òsì, àmì Birkett. Wọ́n dùbúlẹ̀ létí Blea, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni pé bàbá wọn ló ni ibẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo wò wọ́n pẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọjá Blea. Tí wọ́n bá ti dé etí omi, wọ́n á yí padà. Ara mi gbóná fún ìbínú. Mo sọ̀ kalẹ̀, ilé Tamar ni mo gbà lọ tààrà.

Mo ní, "Tamar, àgùntàn rẹ wà lórí ilẹ̀ mi."

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Àǹtí Dinah. Ẹ jókòó, omi tíì ti ń hó."

"Mi ò wá mu tíì. Kó ẹran rẹ padà sí Ling."

Ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó ṣí i, kò tilẹ̀ ní láti wá ojú ewé náà. "Ẹ wò ó. Bàbá àgbà mi ní tiwa dé Blea."

"Bàbá àgbà rẹ parọ́."

Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Ẹ ní kò sí irọ́ nínú ìwé yìí. Inú ilé ìdáná yín lẹ ti sọ fún mi."

"Ti ibòmíràn ni mò ń sọ nígbà yẹn."

"Àǹtí Dinah, bó bá jẹ́ irọ́ níbí, kí ni mò ń ṣe látọjọ́ yìí? Ṣé irọ́ ni ti iyọ̀ náà? Ṣé irọ́ ni bó ṣe ń pè wọ́n? Mi ò ní nǹkan míì tí mo lè tẹ̀ lé. Bí mo bá kó wọn kúrò níbi tí wọ́n ti mọ̀ báyìí, wọ́n á dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, Pelham á sì lé mi."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, tí àwọn àgùntàn yẹn bá bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn á mọ ibẹ̀ sí ilé, ilẹ̀ lọ nìyẹn. Kò sí kóòtù tó ń bá èèyàn gba hífù padà. Mo ní kó ronú sí i, mo sì jáde lọ́dọ̀ ẹ̀ láì dágbére.

Ilé Tíṣà ni mo lọ lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, gíláàsì ńlá kan ló fi ń wo ìwé. Bébà kún orí tábìlì rẹ̀, nítorí ilé ìtẹ̀wé kan ní London fẹ́ tún gbogbo ìwé rẹ̀ tẹ̀ papọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i débi pé ó ti gé irun rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì kúrò lójú.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tó sọ ọ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ gòkè. Mo rí ibi tí àwọn ẹran rẹ̀ ti yí padà. Ling ni."

"Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ nígbà náà?"

"Torí pé ó sọ ọ́. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Dinah, ta ló wà ní Kelderdale nígbà yẹn tí kò mọ̀ pé bí Isaac bá ní àgùntàn òun bí ìbejì, ọ̀kan ló bí? Ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ fún. Mi ò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́nì kan máa kà á tí kò mọ Isaac."

Mo ní, "Ẹni náà ti dé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ wá sí ìpàdé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ létí gbogbo wọn."

Ó ń to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Àwọn ará London yẹn máa rán èèyàn wá sí ìpàdé náà láti yà mí ní fọ́tò. Bí mo bá dìde sọ pé ojú ewé kan kì í ṣe òótọ́, ta ló máa gba ìyókù gbọ́? Iṣẹ́ ayé mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Mo bu tíì fún un, mo da wàrà sí i, mo lọ sílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Tamar ò kó ẹran rẹ̀ kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, èmi pẹ̀lú ajá mi kó gbogbo alámì pupa tó wà lórí ilẹ̀ mi, a dà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ọgbà ẹran lẹ́yìn ilé ọtí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé Pelham á wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ ò tíì kàn rí. Ayafọ́tò láti London náà wà níbẹ̀, òtútù ń mú un. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi aṣọ òtútù bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ned Jopson, tó ń darí ìpàdé, ń ka àmì àwọn ẹran náà jáde, àwọn tó ni wọ́n sì ń mú wọn lọ, títí ó fi kan tèmi.

"Àmì pupa, ìbàdí òsì. Birkett ni. Wọ́n mà pọ̀ o. Ta ló kó wọn wá?"

"Èmi ni."

Tamar ò wò mí. Àgùntàn rẹ̀ ló ń wò.

Pelham ní, "A ti jọ ṣàdéhùn, Mísì Birkett. Ó dùn mí, àmọ́ àdéhùn ni."

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti gbé ara rẹ̀ sókè. Ó ṣe díẹ̀ kó tó lè nàró. Ó ní, "Dinah, níbo lo ti rí wọn?" Ohùn tó fi ń bi wá ní ìṣirò nígbà kan náà ló fi bi mí, mo sì rí i pé mo ti nàró ṣánṣán kí n tó mọ̀.

"Láàárín Ling àti Blea, Tíṣà."

"O rí ọ̀kan tó kọjá Blea?"

"Rárá."

"Lọ́jọ́ míì ńkọ́?"

"Kò sí ọ̀kan tó kọjá rí."

"Ned, báwo ni Blea ṣe fẹ̀ tó?"

Ned ní, "Ìyàwó mi lè fò ó, ẹ sì mọ bí ìyàwó mi ṣe rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí wáyà. Koríko tó wà lódìkejì ò yàtọ̀. Kí ló wá dá wọn dúró létí omi yẹn?" Ó yíjú sí Tamar. "Ọmọbìnrin yìí ni. Àgùntàn tí kò mọ òkè rí, ìgbà ooru kan ṣoṣo ló fi kọ́ wọn ní ààlà, wọn ò sì kọjá á. Ta ló ti ṣe é rí láàárín yín? Ààlà yẹn ni kò tọ́, èmi ni mo sì fi hàn án. Ó wà nínú ìwé mi, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ling ni ààlà Birkett, àwọn Relph ló ni ilẹ̀ àárín."

Ayafọ́tò sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Pelham ní, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé ìwé yín ò ṣeé gbára lé?"

"Ojú ewé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyókù ńkọ́?"

Tíṣà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí gbogbo wa. "Ẹ bi wọ́n."

Àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn kí wọ́n bi wọ́n ní nǹkan. Ned ló kọ́kọ́ yọ fìlà, ó nu iwájú orí. Ó ní, "Ó kọ ọ́ pé bàbá mi mutí yó ṣubú sínú kànga níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni nínú ìdílé wa tó ní ìgboyà láti sọ ọ́ kó tó kọ ọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn wá." Ẹ̀rín sọ. Tíṣà jókòó padà. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, mo sì rí i pé ohun tó ṣe yìí, èmi ò ní lè ṣe é. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ wa jọ, tó dé ẹnu ọ̀nà iyì rẹ̀, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ba ojú ewé kan jẹ́ nítorí oko ọmọlọ́mọ. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Mo ní kí Ned ṣí ọgbà. Mo ní àwọn àgùntàn náà ò ṣáko, ibi tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n wà, èmi àti Tamar la máa kó wọn padà sí Ling. Bí Pelham bá fẹ́, kó wá wò wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Pelham wo ìwé àdéhùn rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó pè wọ́n ní aṣáko, òun ò rí ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àgùntàn tó ti mọ koríko dídùn, kò rọrùn láti lé e kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn títí ewé fi yọ, èmi àti Tamar ló ń gòkè ní ìrọ̀lẹ́, a ó dúró sí etí Ling, a ó máa dá wọn padà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kó bá mi sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi.

Ìwé tuntun ti Tíṣà dé lẹ́yìn tí àwọn àgùntàn ti bímọ tán. Tamar gbé tirẹ̀ wá sókè, a sì wá ojú ewé yẹn. Mo ti rò pé Tíṣà á yọ ọ́. Kò yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Isaac wà níbẹ̀ lódindi, títí dórí ibi tó ti ní a kàn ń yá a lò. Lábẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà kọ èyí sí: "Bí Isaac Birkett ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀, odò Ling ni ààlà rẹ̀, òun náà mọ̀, gbogbo àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ la sì mọ̀."

Tamar kà á. Ó padà sí òkè ojú ewé náà, ó tún ka ti bàbá àgbà rẹ̀, ó kà á sókè lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Àwọn ọmọ àgùntàn wà níwájú wa lódìkejì Ling, wọ́n ń tẹ̀ lé ìyá wọn.

Ó ní, "Àǹtí Dinah, látọjọ́ tí mo ti ń kà á, mi ò gbọ́ ọ pé ṣe ni bàbá àgbà mi ń rẹ́rìn-ín."